Ìkòkò Aró Ẹni tí A Kò Rí: Àgbéyẹ̀wò Ojúṣe Àgbẹ̀ sí Kòkòrò Inú Oko

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí a bi ní ìtumọ̀ òwe yìí nínú ìdánwò tí kò ní rí nǹkan kọ. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a túmọ̀ òwe nínú yàrá ìkàwé, ọ̀tọ̀ ni kí a rántí rẹ̀ ní abẹ́ igi kòkó. Nígbà tí kòkòrò bá wọ oko, tí owó ilé-ìwé ọmọ sì ń dúró de ìkórè, àgbẹ̀ kì í ní àkókò láti wádìí bóyá oògùn tí ó gbé dání fẹ́ wo orí sàn ni tàbí ó fẹ́ bẹ́ ẹ. Ó fẹ́ kí kòkòrò kú, ó parí. Níbẹ̀ gan-an ni ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn pa ohun tí kò mọ̀ nítorí ohun tí ó mọ̀? Bí ó bá sì pa á láìmọ̀, ǹjẹ́ àìmọ̀ náà dá a láre?

Ó dára kí a kọ́kọ́ bi èdè Yorùbá léèrè, nítorí pé inú èdè ni ìdájọ́ wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, kòkòrò kì í ní orúkọ rere. Kòkòrò ni ó jẹ àgbàdo nínú àká. Kòkòrò ni a ní ó ń jẹ eyín ọmọ. Nígbà tí a sì ń wá ọ̀rọ̀ tí a ó fi pe ohun tíntìntín tí ń fa àìsàn, kòkòrò kan náà ni a tún mú, a pè é ní kòkòrò àìfojúrí. Òwe tí ó ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà, ọ̀dàlẹ̀ ni a fi ń bá wí. Àwọn tí ó bọ́ nínú ẹ̀gàn yìí kò pọ̀. Oyin bọ́, nítorí pé a tọ́ adùn rẹ̀ wò. Èèrà bọ́ díẹ̀, nítorí pé a rí i bí ó ti ń kó oúnjẹ pamọ́, a sì ń fi í kọ́ ọ̀lẹ lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ìyókù, inú àpò kan náà ni a kó wọn sí. Èyí tí a rí èrè rẹ̀ ni a fún ní orúkọ rere. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí a kò rí èrè rẹ̀, a kàn ń pè é ní kòkòrò, a sì gbé ẹsẹ̀ lé e. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi èdè. Ohun tí àwọn tí ó ni èdè bá ti kíyè sí ni èdè ń sọ; ohun tí wọn kò tí ì kíyè sí, èdè kò lè bá wọn sọ ọ́.

Ìtàn kan wà tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu, ó sì so Òṣogbo pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà Òṣogbo ti ń pa á, láti Ìpolé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Lárọ̀óyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ti kó àwọn ènìyàn wọn jáde nígbà tí omi wọ́n wọn. Wọ́n dé etí odò Ọ̀ṣun, wọ́n rí omi, wọ́n rí ilẹ̀ tí ó dára, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó. Igi kan tí wọ́n gé wó sínú odò. Ni ohùn kan bá ké jáde láti inú omi, ó ní àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ àwọn ìkòkò aró òun. Láti inú ọ̀rọ̀ oṣó igbó yìí ni a ní orúkọ ìlú náà ti wá. Àwọn àlejò náà kò bá ohùn náà jà. Wọ́n kúrò ní etí odò, wọ́n lọ tẹ̀dó sí òkè díẹ̀, àdéhùn sì wà láàárín wọn àti Ọ̀ṣun láti ìgbà náà.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a fà yọ nínú ìtàn yìí, yálà a gbà á bí ẹ̀sìn tàbí a gbà á bí àlọ́ lásán. Èkíní ni pé kò sí ìkà nínú ọkàn àwọn tí ó gé igi. Ilé ni wọ́n ń wá. Èkejì ni pé àìsí ìkà nínú ọkàn wọn kò so ìkòkò tí ó ti fọ́ padà. Ẹ̀kẹta, tí ó sì ṣe pàtàkì jù lọ, ni pé ohùn kan sọ fún wọn, wọ́n sì gbọ́. Bí wọ́n bá gé igi kejì lẹ́yìn tí ohùn náà ti ké, a kò ní lè sọ pé wọn kò mọ̀ mọ́. Àìmọ̀ a máa dá ènìyàn láre títí di ọjọ́ tí a sọ fún un; láti ọjọ́ náà lọ, orúkọ rẹ̀ a yí padà, a di àìgbọ́ràn.

Kí a wá gbé ìtàn yìí wọ oko kòkó. Ohun tí kòkó ṣe fún ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò ṣe é fi ẹnu sọ tán. Láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà dé Ìbòkun, àti ní àwọn abúlé tí ó yí Iléṣà ká, owó kòkó ni ó kan páànù mọ́ orí ọ̀pọ̀ ilé, òun ni ó sì rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ilé-ìwé gíga. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń bá àgbẹ̀ kòkó sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Nínú àwọn kòkòrò tí ń ba kòkó jẹ́ ní ilẹ̀ wa, ọ̀kan nínú èyí tí ó burú jù ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sahlbergella singularis. Kò tóbi ju èékánná ọwọ́ lọ. Ó ń fi ẹnu tí ó mú bí abẹ́rẹ́ gún èso àti ẹ̀ka tútù, ó ń fa omi ara wọn mu. Ibi tí ó bá gún a dúdú. Ẹ̀ka a gbẹ. Bí a kò bá sì dá a lẹ́kun, igi tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú a di igi ìdáná.

Ní àwọn ọdún 1950 ni oògùn lindane, tí àgbẹ̀ mọ̀ sí Gammalin 20, bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní oko kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. A kò ní purọ́ mọ́ ọn: ó ṣiṣẹ́. Igi tí ó ti fẹ́ kú tún rúwé, àgbẹ̀ sì rí owó. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1960, àwọn olùwádìí ní Ghana rí i pé irú kan nínú àwọn kòkòrò tí ń mu omi ara kòkó ti ń fara da oògùn náà. Èyí kì í ṣe ohun ìyanu. Nígbà tí oògùn bá pa àwọn tí ara wọn kò le, àwọn díẹ̀ tí ara wọn le ni ó ṣẹ́ kù láti bímọ, ọmọ wọn a sì jọ wọ́n. Oògùn náà kò sì dúró sí oko. Àwọn kan dà á sí odò láti fi pa ẹja, ẹja náà sì dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àdéhùn Stockholm, tí Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, fi lindane kún àwọn májèlé tí ó yẹ kí a mú kúrò ní ayé. Lindane lọ, oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀. Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, pé kí gbogbo ohun tí ń rìn lórí igi kú, kò bá a lọ.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà ni a fi mọ òwò òṣómàáló. Oníṣòwò a ta aṣọ láwìn; nígbà tí ọjọ́ bá pé, a wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, kò ní dìde títí a ó fi san owó rẹ̀. Oko náà ní òṣómàáló tirẹ̀. Ẹni tí ó pa aláìṣẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ti ra ìsinmi ọdún kan láwìn. Ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ara wọn le yóò padà wá, tí àwọn tí ó yẹ kí ó lé wọn kò sì ní sí níbẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni àgbẹ̀ yóò tún ra oògùn tí ó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, òṣómàáló kò sì tí ì dìde ní ẹnu ọ̀nà.

Ta wá ni àwọn aláìṣẹ̀ náà? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ èyí tí ó kéré jù. Òdòdó kòkó ń yọ lára ìtì igi àti ẹ̀ka rẹ̀, ó kéré, kì í sì í ṣe afẹ́fẹ́ ni ó sábà ń gbé lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Àwọn kòkòrò tíntìntín kan tí ó dà bí kantíkantí ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí wọn kò bá kàn án láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, òdòdó a já bọ́ lásán. Nínú ọgọ́rùn-ún òdòdó tí ó bá tanná, èyí tí ń di èso kì í sábà tó mẹ́wàá. Inú ewé jíjẹrà àti èèpo kòkó tí ń rà nílẹ̀ ni àwọn kantíkantí náà ti ń bí sí i, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìdọ̀tí. Àgbẹ̀ tí ó bá fín oògùn sí gbogbo oko ní àkókò òdòdó lè lé olè jáde kí ó sì lé agbẹ̀bí jáde pẹ̀lú rẹ̀. Bí kòkó kò bá sì so tó ní ọdún náà, òjò ni yóò dá lẹ́bi. Ìkòkò aró ti fọ́, kò sì gbọ́ ohùn kankan.

Lẹ́yìn kantíkantí ni èèrà pupa tí ń gbé orí igi, èyí tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé onímọ̀ ń jẹ́ Oecophylla longinoda. Ẹni tí ó bá ti gun igi máńgòrò tàbí igi ọsàn tí wọ́n wà lórí rẹ̀ kò tún ní í bèèrè ẹni tí à ń wí. Wọ́n ń fa ewé tútù mọ́ra. Àwọn kan a di etí ewé kan mú, àwọn mìíràn a di èkejì mú. Àwọn àgbà inú wọn a sì gbé ọmọ tí kò tí ì dàgbà dání bí abẹ́rẹ́, wọn a fi okùn tí ń jáde lẹ́nu ọmọ náà rán ewé pọ̀ di ilé. Ẹnu ni wọ́n fi ń ge ènìyàn jẹ, wọ́n sì ń tú omi kíkan sí ojú ibi tí wọ́n gé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kórè kì í fẹ́ràn wọn. Àdá àti iná ni a sábà fi ń kí wọn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n jẹ́ ọdẹ. Ìwádìí tí a ṣe ní oko kòkó ilẹ̀ Ghana ní àwọn ọdún 1970 fi hàn pé oríṣiríṣi èèrà alágbára a máa pín igi oko mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí àwọn ọba ti ń pín ilẹ̀, àti pé ibi tí èèrà pupa yìí bá ti jọba, àwọn kòkòrò tí ń mu kòkó kì í pọ̀ níbẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀rọ̀ náà tún hàn kedere ní ọgbà máńgòrò. Ní ọdún 2003 ni a kọ́kọ́ rí eṣinṣin kan tí ó ti Éṣíà wá ní Kenya. Kò pẹ́ tí ó fi dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ń yé ẹyin sínú máńgòrò, ìdin rẹ̀ a sì jẹ inú èso náà di omi. Àwọn olùwádìí tí ó ṣiṣẹ́ ní ìhà àríwá Benin, tí wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní ọdún 2007, rí i pé igi tí èèrà pupa bá pọ̀ lórí rẹ̀ kì í ní èso tí eṣinṣin bàjẹ́ tó ti igi tí kò ní wọn. Kì í ṣe pé èèrà ń jẹ eṣinṣin àti ìdin nìkan ni. Òórùn tí èèrà fi sílẹ̀ lára èso tilẹ̀ ń lé eṣinṣin sẹ́yìn kí ó tó yé ẹyin.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti òní. Ìwé àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí a máa ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ sí ọdún 304, sọ nípa èèrà tí wọ́n ń tà lọ́jà pẹ̀lú ilé wọn kí àwọn ológbà ọsàn lè rà wọ́n lọ so mọ́ igi. Ìlú Ìbàdàn pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀. Kòkòrò funfun kan tí ó ti Amẹ́ríkà Gúúsù wá bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ ní agbègbè Kóńgò ní ọdún 1973, ó sì ràn káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Kàkà kí wọ́n máa da májèlé lé oúnjẹ àwọn tálákà lórí, àwọn olùwádìí ní IITA ní Ìbàdàn bèèrè ohun tí ń pa kòkòrò náà ní ilé rẹ̀. Ní Paraguay ni a ti rí agbọ́n kékeré kan tí ń yé ẹyin sínú rẹ̀, tí kò sì lè ta ènìyàn. A yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ó má baà di wàhálà mìíràn, a sì tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1981. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀gẹ́ sì sàn. Hans Herren, tí ó darí iṣẹ́ náà, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 1995. Ọ̀nà kan náà ni a gbà ní Togo ní ọdún 1987, nígbà tí a mú agbọ́n mìíràn wá láti Íńdíà sí kòkòrò tí ń sọ igi máńgòrò di dúdú, títí kan àwọn igi tí àwọn ènìyàn ń jókòó sí abẹ́ òjìji wọn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn lè dìde níbí yìí, kí ó ní oore tí a kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kì í ṣe oore. Èèrà kò mọ àgbẹ̀. Ikùn ara rẹ̀ ni ó ń wá kiri. Agbọ́n kò fẹ́ràn ẹ̀gẹ́. Ibi tí yóò yé ẹyin sí ni ó ń wá. Kí ni a jẹ wọ́n ní gbèsè? Àríyànjiyàn yìí lágbára, ó sì yẹ kí a gbà pé apá kan rẹ̀ jẹ́ òtítọ́: a kò jẹ èèrà ní ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọpẹ́, ọ̀tọ̀ ni òdodo. Ọpẹ́ ń bèèrè ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó ṣe oore. Òdodo ń bèèrè ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó mú idà dání. Ohun tí èèrà ń rò, ọ̀rọ̀ èèrà ni. Ohun tí ọwọ́ wa ń ṣe, ọ̀rọ̀ wa ni. Bí a bá wò ó dáadáa, eṣinṣin pàápàá kì í ṣe ìkà; ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò ti jẹun ni òun náà ń wá. Ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá jẹ́ orúkọ tí àgbẹ̀ fún wọn. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dáàbò bo oúnjẹ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi bí ó bá pa ohun tí ń jẹ ẹ́. Ohun tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ni kí ó pa ju bí ó ti yẹ lọ, kí ó sì pè é ní iṣẹ́ oko.

Ìjiyàn kejì wúwo ju èyí lọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ta ni yóò sọ fún bàbá tí kòkó rẹ̀ ń kú pé kí ó fara balẹ̀ kí kantíkantí lè bímọ? Ó sì tún ku ẹ̀gbẹ́ kan tí a kì í sábà ronú kàn: ẹni tí èèrà ń gé jẹ kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó ni oko. Alágbàṣe ni ó ń gun igi. Ọmọ ni a ń rán lọ sókè. Ó rọrùn fún olóko láti yin èèrà nígbà tí ara ẹlòmíràn ń ta. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí ó bá ní kí àgbẹ̀ káwọ́ gbera kì í ṣe ìwà rere, àìnáání ni. Ohun tí à ń sọ yàtọ̀. Kí àgbẹ̀ wo igi kí ó tó fín; kí ó fín èyí tí ọ̀tá wà lórí rẹ̀, kí ó fi ìyókù sílẹ̀; kí ó yẹra fún àkókò òdòdó; kí ó ká èso tí àrùn mú kúrò lórí igi. Kí ẹni tí yóò gun igi tí èèrà pupa wà lórí rẹ̀ lọ ní òwúrọ̀ kùtù nígbà tí ara wọn kò tí ì yá, kí ó fi eérú pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí olóko sì fi kún owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí èrè èèrà bá jẹ́ ti olóko, kò yẹ kí ìrora rẹ̀ jẹ́ ti alágbàṣe nìkan.

Ìkìlọ̀ kan tún wà fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti dùn mọ́ jù. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ń pa ọ̀tá wa ni ọ̀rẹ́ wa. Àwọn olùwádìí tí ó ṣiṣẹ́ ní Gámbárí nítòsí Ìbàdàn, tí wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1981, fi hàn pé àwọn èèrà kan tí ń fi erùpẹ̀ kọ́lé sára èso kòkó a máa ti ilẹ̀ gbé àrùn tí ń sọ èso di dúdú gun orí igi. Èèrà pupa pàápàá ń sin àwọn kòkòrò kan tí ń fa omi ara igi mu, nítorí omi dídùn tí ń jáde lára wọn. Ní òkèèrè, kòkòrò kékeré alámì tótòtó kan láti Éṣíà, tí a kó lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà láti máa jẹ iná ewé, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2004 láìjẹ́ pé a pè é, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn ìbátan rẹ̀ tí ó bá níbẹ̀. Tibi-tire ni a dá ilé ayé. Ẹni tí ó pa gbogbo kòkòrò àti ẹni tí ó gba gbogbo wọn mọ́ra, ìwà kan náà ni àwọn méjèèjì hù: wọn kò wo ẹni tí ó wà níwájú wọn.

A lè rí ìyàtọ̀ yìí kedere bí a bá tún padà sí Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO kọ sára àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2005, gba ilẹ̀ tí ó tó hẹ́kítà 75. Èèwọ̀ ni kí a ṣọdẹ níbẹ̀, èèwọ̀ ni kí a gé igi, èèwọ̀ ni kí a pẹja. Igbó mímọ́ kò bèèrè ìmọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ó ní kí ó má fọwọ́ kàn án, ó tán. Oko kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá fọwọ́ kan oko kò ní jẹun. Nítorí náà ni ojúṣe àgbẹ̀ fi wúwo ju ti ẹni tí ó wọ igbó mímọ́ lọ. Èèwọ̀ ń dáàbò bo igbó; ìmọ̀ nìkan ni ó lè dáàbò bo oko.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wá dé ni pé ta ni yóò sọ fún àgbẹ̀? Nígbà tí ìkòkò aró fọ́, Ọ̀ṣun ní ohùn, ó ké. Kantíkantí kò ní ohùn. Èèrà lè gé ni jẹ, ṣùgbọ́n kò lè wí pé òun ni òun ń ṣọ́ èso. Bí àìmọ̀ bá ń dá àgbẹ̀ láre títí di ọjọ́ tí a sọ fún un, a jẹ́ pé ẹni tí ó mọ̀ tí kò sọ ni ẹ̀bi kọ́kọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti mọ̀. Ní Gámbárí, ní Ìbàdàn, ní Benin, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà ń kọ sára ìgò oògùn tí à ń tà fún ẹni tí kò kà á. Ẹni tí a bá fi èdè tí kò gbọ́ kìlọ̀ fún, a kò tí ì kìlọ̀ fún un.

Iṣẹ́ yìí kan àwọn tí ń kọ́ni ní Yorùbá àti àwọn tí ń kọ́ ọ. Nígbà tí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, a máa ń retí ọkọ́, àdá, ebè àti ìkórè. Kí ni ó dé tí a kò ní kí ó lọ bi àwọn àgbẹ̀ abúlé rẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn kòkòrò orí igi wọn, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe? Ó ṣeé ṣe kí orúkọ pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ju èyí tí ó wà nínú ìwé lọ. Ibi tí orúkọ kò bá sì sí, kí a ronú kí a sọ ọ́ ní orúkọ, bí a ti sọ ohun tuntun mìíràn. Ìgbà tí a bá ní orúkọ tí a ń pe agbẹ̀bí òdòdó kòkó ni a ó tó lè sọ fún ẹni tí ó gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn pé kí ó dúró ná, kí ó wo ẹni tí ó wà lórí igi.